Ìyọrí Òkè ní Bìrìtéènì: Máàpù, Lidar àti Ẹ̀rọ Ìwọ̀n, Èwo Ló Tó Yín?

Scafell ni òkè kejì tó ga jù ní Íńgílándì. Ó ga tó mítà 964, síbẹ̀ kò sí lára àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Marilyn. Scafell Pike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì fi mítà 14 péré ga jù ú, wà lára wọn. Ohun tó fà á ni Mickledore, ibi tí òkè méjèèjì ti so pọ̀. Ibẹ̀ kò rẹlẹ̀ tó. Ó wà ní nǹkan bíi mítà 832, nítorí náà ẹni tó bá ti ibẹ̀ gun Scafell kò ní gùn ju nǹkan bíi mítà 132 lọ kó tó dé orí rẹ̀. Mítà 150 sì ni Marilyn ń béèrè.

Mítà 132 yẹn ni ìyọrí Scafell. Bí ẹ bá kúrò lórí òkè kan tí ẹ ń lọ sórí èyí tó ga jù ú, tí ẹ sì yan ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀, ibi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn ni gàárì òkè náà. Ẹ yọ gíga gàárì kúrò nínú gíga ṣóńṣó, èyí tó kù ni ìyọrí.

Lórí ìyọrí ni ọ̀pọ̀ àkójọ òkè ní Bìrìtéènì dúró lé. Marilyn ń fẹ́ mítà 150, HuMP ń fẹ́ 100, TuMP ń fẹ́ 30. Simm gbọ́dọ̀ ga tó mítà 600 kí ìyọrí rẹ̀ sì tó 30. Hewitt náà ń fẹ́ ìyọrí 30, àmọ́ gíga tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 2,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ìyẹn mítà 609.6. Corbett, tó jẹ́ ti Skọ́tlándì, ń béèrè ìyọrí 500 ẹsẹ̀ bàtà, mítà 152.4. Munro, ìyẹn àwọn òkè Skọ́tlándì tó ga tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò ní ìwọ̀n ìyọrí kan pàtó tó ń tẹ̀ lé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkè kan wà ní ipò tó tọ́ sí i ní irinṣẹ́ márùn-ún níwájú rẹ̀: máàpù 1:50,000, máàpù 1:25,000, àwòrán gíga ilẹ̀ tí wọ́n ti ojú sánmà yà, lidar (ìwọ̀n tí wọ́n fi iná léésà ṣe láti inú ọkọ̀ òfúrufú), àti ẹ̀rọ tí a gbé gun òkè fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ fi wọ́n wéra nítorí mo ń rí i pé àwọn èèyàn ń da owó àti agbára síbi tí kò yẹ. Wọ́n á máa du sẹ̀ǹtímítà lórí ṣóńṣó, nígbà tó jẹ́ pé gàárì tí wọ́n fi ṣírò kì í tiẹ̀ ṣe gàárì òkè náà.

Ohun tí a ó fi yẹ̀ wọ́n wò

Iye owó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè nípa irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni bó ṣe lè ṣìnà tó ní gàárì. Ṣóńṣó rọrùn láti rí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ti kọ gíga rẹ̀ sórí máàpù. Gàárì lè jẹ́ irà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ibi tó jẹ́ ojú rẹ̀ gan-an lè sún síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìbéèrè kejì ni bí òkè yín ṣe sún mọ́ ààlà tó. Òkè tí ìyọrí rẹ̀ jẹ́ mítà 212 kò nílò ẹ̀rọ kankan kí a tó mọ̀ pé Marilyn ni. Èyí tí máàpù sọ pé ó wà láàárín 145 sí 155 ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀.

Kó tó kan irinṣẹ́ pàápàá, ẹ dájú gàárì. Ẹ wo Bowfell. Esk Pike ni òkè tó tẹ̀ lé e, Ore Gap ló sì là wọ́n láàárín. Ẹni tó bá ń kánjú á mú gíga Ore Gap, á yọ ọ́, á sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n Esk Pike, tó jẹ́ mítà 885, kò ga tó Bowfell tó lé ní 900, nítorí náà ìrìn kò lè parí síbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Esk Hause, kí ẹ tó máa gòkè lọ síhà Scafell Pike. Esk Hause rẹlẹ̀ ju Ore Gap lọ, òun sì ni gàárì Bowfell. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ìyọrí Bowfell kò dé 150, mítà díẹ̀ ló kù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ HuMP.

Gàárì lè jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Yr Wyddfa, òkè tó ga jù ní Wéèsì, kò sí ní Wéèsì rárá. Skọ́tlándì ni àwọn òkè tó ga jù ú wà, nítorí náà gàárì rẹ̀ bọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàárín odò Forth àti odò Clyde, ní nǹkan bíi mítà 46 péré sókè òkun.

Máàpù 1:50,000

Máàpù tí Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ máàpù ìjọba Bìrìtéènì, ń tẹ̀ yìí kò tó ogún pọ́n-ùn, ó sì gba ilẹ̀ tó fẹ̀. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀: láti fi wá gàárì. Lórí bébà kan ẹ lè rí òkè yín, òkè tó ga jù ú, àti gbogbo ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ń fi ìka tẹ ojú fóònù kiri kì í rí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kọ́ńtọ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó so ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀, fi mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá jìnnà síra. Ká sọ pé òkè kan wà tí òrùka kọ́ńtọ̀ tó kẹ́yìn lórí rẹ̀ jẹ́ 430. Ṣóńṣó rẹ̀ wà láàárín 430 sí 440 nìyẹn. Ní gàárì, kọ́ńtọ̀ 290 yí òkè kọ̀ọ̀kan ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ kọ́ńtọ̀ 280 gbá àwọn méjèèjì mọ́ra. Gàárì wà láàárín 280 sí 290. Ìyọrí kò lè dín sí 140, kò sì lè tó 160. Marilyn ni tàbí kì í ṣe Marilyn? Máàpù yìí kò lè sọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún yín pé HuMP ni láìsí iyèméjì, èyí sì tó fún ẹni tí kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe mú ìdajì àlàfo méjèèjì kí ẹ sì sọ pé ìyọrí jẹ́ 150 géérégé. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: láti 140 dé 160. Àlàfo yẹn ló máa sọ fún yín bóyá ẹ nílò irinṣẹ́ míì.

Máàpù 1:25,000 àti àwọn máàpù àtijọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ títún òkè pín ti wáyé fún ọdún pípẹ́, mo sì gbà pé ẹni tí kò bá mọ máàpù yìí kà dáadáa kò ní mọ lidar lò. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ìṣáájú. Ní ilẹ̀ tí kò ga púpọ̀, kọ́ńtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà márùn-ún-márùn-ún. Ní agbègbè olókè gíga, mítà mẹ́wàá ló ṣì jẹ́, èyí sì máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lẹ́nu. Ní àwọn ibi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kọ́ńtọ̀ ni ẹ ń rà bí kò ṣe àmì gíga, ìyẹn àwọn tóótòòtó kéékèèké tí nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n pọ̀ lórí máàpù yìí ju ti 1:50,000 lọ.

Ká padà sórí òkè wa. Àmì gíga tó wà lórí ṣóńṣó sọ pé 437. Kọ́ńtọ̀ 285, tí kò sí lórí máàpù ìṣáájú, gbá òkè méjèèjì mọ́ra, àmọ́ 290 ṣì là wọ́n. Gàárì ti bọ́ sáàárín 285 sí 290. Ìyọrí wà láàárín 147 sí 152. Àlàfo ogún mítà ti di márùn-ún. Owó máàpù kan péré ló ná yín.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi rí gàárì ni pẹ́ńsù aláwọ̀ méjì. Ẹ fi pupa kun kọ́ńtọ̀ tó yí òkè kọ̀ọ̀kan ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì rẹlẹ̀ jù. Ẹ fi búlúù kun kọ́ńtọ̀ tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, níbi tó ti ń wọlé bọ̀ láti àfonífojì méjèèjì. Pupa méjì á dojú kọ ara wọn, búlúù méjì náà á dojú kọ ara wọn, inú àyè kékeré tó wà láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gàárì wà. Bí àyè yẹn bá kéré, tí ó sì há, gàárì yín ti dúró sójú kan. Bí ó bá fẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ síbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi.

Ohun méjì ló máa ń tan èèyàn jẹ lórí máàpù yìí. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀ nọ́ńbà. Àmì gíga tó dúdú jẹ́ ti ẹni tó wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn wá láti inú fọ́tò tí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú yà, ó sì lè fi mítà méjì tàbí mẹ́ta ṣìnà. 437 tiwa yẹn lè jẹ́ 435. Èkejì ni pé àmì gíga tó wà nítòsí gàárì kì í sábà jẹ́ ti gàárì gan-an. Ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti pàdé ògiri òkúta, tàbí ibi tí ẹni tó ń wo fọ́tò ti rí ilẹ̀ dáadáa, ni wọ́n máa ń fi í sí. Bí tóótòòtó náà kò bá sí nínú àyè tí pupa àti búlúù là sílẹ̀, ẹ má gbé nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn máàpù àtijọ́ tún wà, àwọn tí ìwọ̀n wọn jẹ́ íǹṣì mẹ́fà sí máìlì kan. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì ti gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀nà mọ́tò bá gba inú gàárì yín kọjá, ẹ wá a níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí gíga tí àwọn awọnlẹ̀ ayé àtijọ́ wọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà ní ẹsẹ̀ bàtà, iṣẹ́ wọn sì péye gan-an. Ẹ kàn rántí pé lára wọn wà tí wọ́n fi ojú òkun ní Liverpool ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n gíga, nígbà tó jẹ́ pé ti Newlyn ní Cornwall, tí wọ́n wọ̀n láàárín 1915 sí 1921, ni máàpù òde òní ń lò. Ẹ má yọ ti ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì láìkọ́kọ́ ṣàtúnṣe.

Àwòrán gíga ilẹ̀ láti ojú sánmà

Ní oṣù February ọdún 2000, ọkọ̀ Endeavour gbé ẹ̀rọ rédà yí ayé ká, ibẹ̀ ni àkójọ gíga ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SRTM ti wá. Ọ̀fẹ́ ni. Ní orílẹ̀-èdè tí kò sí máàpù tó dára, ìràpadà ló jẹ́. Ní Bìrìtéènì, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa gbé ìpinnu kan kà á. Nǹkan bí ọgbọ̀n mítà ló là láàárín ibi tí ó ti mú gíga kan àti òmíràn, nítorí náà ó máa ń gé orí ṣóńṣó tó mú, ó sì máa ń ka orí igi mọ́ ilẹ̀. OS Terrain 50, tí Ordnance Survey fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, dára jù ú lọ fún ilẹ̀ yìí. Méjèèjì wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo òkè tó lè jẹ́ TuMP ní agbègbè kan, kó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàpù. Iṣẹ́ wọn parí síbẹ̀.

Lidar

Ọkọ̀ òfúrufú ń fò, ó ń rọ̀jò iná léésà sí ilẹ̀, ó sì ń ka àkókò tí iná kọ̀ọ̀kan fi padà. Nínú èyí ni wọ́n ti ń ṣe àwòrán gíga ilẹ̀ tí ó ní nọ́ńbà kan fún mítà kan níbùú lóròó. Environment Agency ti Íńgílándì tú tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2015, wọ́n sì ti fò yí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ká látìgbà náà. Wéèsì náà ní tirẹ̀. Skọ́tlándì ń tú tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìpín-ìpín, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti kan òkè yín. Àṣìṣe gíga rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ máa fi ṣí i, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀ àti sùúrù ni iye owó rẹ̀.

Ní gàárì, mi ò mọ ohun tó dára tó o fún ẹni tó jókòó sílé. Gàárì sábà máa ń jẹ́ koríko tàbí irà tó tẹ́, kò sí ṣóńṣó òkúta tí léésà máa fò kọjá. Ẹ ní kí QGIS ya kọ́ńtọ̀ mítà kan-kan yí gàárì ká, kí ẹ lè rí agbègbè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó yà á ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ní agbègbè kékeré yẹn nìkan. Ẹ máa gun kọ́ńtọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sókè títí ẹ ó fi dé èyí àkọ́kọ́ tí kò gbá òkè méjèèjì mọ́ra mọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni gàárì wà. Fún òkè wa, ká sọ pé ó já sí 286.4, ṣóńṣó sì já sí 436.9. Ìyọrí jẹ́ 150.5. Kódà bí méjèèjì bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 ṣìnà sí òdìkejì ara wọn, kò ní bọ́ sísàlẹ̀ 150.2. Òkè tí máàpù kò lè dájọ́ rẹ̀ ti di Marilyn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ bàtà.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ láfọ́jú. Oríṣi méjì ni wọ́n máa ń tú sílẹ̀: èyí tó fi igi àti ilé sílẹ̀ sórí ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní DSM, àti èyí tí wọ́n ti ṣí wọn kúrò, DTM. DTM ni ẹ fẹ́ fún gàárì. Lórí ṣóńṣó olókùúta, DTM lè ti ka àpáta tó yọ gọngọ sí igi, kó sì gé e dànù, ẹ wo DSM pẹ̀lú níbẹ̀. Nínú igbó páìnì tó dí, léésà tó dé ilẹ̀ kì í pọ̀, gíga ibẹ̀ sì lè jẹ́ àfojúdá. Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ gbé sókè máa ń hàn bí ilẹ̀ gidi, tó fi jẹ́ pé gàárì á dà bí èyí tó ga ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ilẹ̀ àdánidá ni àwọn tó ń tọ́jú àkójọ òkè ń wá, nítorí náà ẹ fi máàpù àtijọ́ wò ó bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó la ọ̀nà.

Gbígbé ẹ̀rọ gun òkè

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ lẹ́fẹ̀lì àti ọ̀pá ìwọ̀n: ẹnì kan ń wo inú ẹ̀rọ, ẹnìkejì di ọ̀pá mú, ẹ ń sún díẹ̀díẹ̀ láti gàárì dé ṣóńṣó. Ó péye gan-an. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ẹ ò lè gòkè ju gígùn ọ̀pá lọ. Fún ìyọrí mítà 15 tàbí 30, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Fún 150, bí ọ̀pá bá gùn tó mítà mẹ́rin, ẹ ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ nígbà bí ogójì ní àlọ nìkan, láìtíì ka àbọ̀ tí ẹ máa fi yẹ iṣẹ́ wò.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ GNSS ti àwọn awọnlẹ̀, tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tí a gbé sórí ṣóńṣó àti sí gàárì fún wákàtí mélòó kan, kí a tó fi àkọsílẹ̀ àwọn ibùdó Ordnance Survey tún un ṣe nílé. Àṣìṣe rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni ẹ̀rọ náà, ó sì ń fẹ́ ojú sánmà tó ṣí sílẹ̀, gàárì inú igbó kò bá a lára mu. GPS inú fóònù kò jọ ọ́ rárá, ó lè fi ọ̀pọ̀ mítà ṣìnà lórí gíga.

Ibi tí GNSS ti fi agbára rẹ̀ hàn jù ni gíga ṣóńṣó. Ní 2008 ni ìwọ̀n tuntun fi hàn pé Mynydd Graig Goch ní Wéèsì jẹ́ mítà 609.75, ó sì di òkè 2,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 2009, Sgùrr nan Ceannaichean já sí 913.43, ó jáde kúrò nínú Munro tó ń béèrè 914.4. Ní 2016, Calf Top ní Cumbria wọlé pẹ̀lú 609.606, mìlímítà mẹ́fà péré ló fi kọjá ààlà. Kò sí máàpù tàbí lidar tó lè dá irú ẹjọ́ yẹn.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ bá ń gun òkè nínú àkójọ kan, tí ẹ kàn fẹ́ mọ ìdí tí òkè kan fi wà níbẹ̀ tí èkejì kò sí, máàpù 1:50,000 tó yín. Ẹ má náwó kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àkójọ tuntun fún agbègbè kan, tàbí ẹ fura pé wọ́n pín òkè kan sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, 1:25,000 àti pẹ́ńsù méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kọ́ńtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà márùn-ún, ẹ ó yanjú ọ̀pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Ẹ fi OS Terrain 50 kún un bí agbègbè náà bá fẹ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ.

Àwọn tí àlàfo wọn ṣì gba orí ààlà kọjá lẹ́yìn 1:25,000, lidar ni kí ẹ gbé wọn lọ bá. Bí mo bá ní kí n yan irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún ẹni tó fi ọwọ́ gidi mú iṣẹ́ yìí ní Íńgílándì tàbí Wéèsì lónìí, òun ni màá yàn, níwọ̀n bí ẹni náà bá ti mọ máàpù kà. Ní apá Skọ́tlándì tí lidar kò tíì kàn, 1:25,000 àti máàpù àtijọ́ ló kù, kí ẹ sì fi òkè náà sípò iyèméjì títí ìwọ̀n tó dára jù yóò fi dé.

Ẹ̀rọ lẹ́fẹ̀lì wà fún àwọn tó ń lépa ìyọrí kékeré, bíi 15 tàbí 30, níbi tí gàárì àti ṣóńṣó ti sún mọ́ra. GNSS wà fún òkè tí lidar bá sọ pé ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ààlà kò tó ìdajì mítà, fún ṣóńṣó olókùúta tí léésà lè ti gé, àti fún ẹjọ́ gíga bíi ti Munro. Ẹ yá a, tàbí kí ẹ bá àwọn tó ní in ṣiṣẹ́ pọ̀.

Irinṣẹ́ yòówù tí ẹ bá lò, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú àkójọ gba àbájáde yín, ẹ kọ nọ́ńbà ìtọ́ka ṣóńṣó àti ti gàárì lórí máàpù, gíga méjèèjì, orísun ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lè ṣìnà tó. Nọ́ńbà ìtọ́ka gàárì ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.